Ààlè Tó Kọjú Sí Inú Igbó

Ẹ̀yin ará Ìsàn Òkúta, mo kí yín. Mo kí ẹni tó jókòó sórí àpótí, mo kí ẹni tó jókòó sórí gbòǹgbò, mo sì kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣì dúró nítorí pé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ mi kò ní pẹ́. Òótọ́ ni, kò ní pẹ́. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi mọ́. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni mo gbọ́dọ̀ sọ èyí, ní ọ̀sán, níwájú kùkùté yìí, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ Ọdẹ́gbèsan, ọmọ Arógunmátìdí, ọmọ a-rìn-nínú-ẹ̀gún-bí-ẹni-rìn-lórí-ẹní, ọmọ ọdẹ tó ta ẹfọ̀n nígbà kan, tí ẹfọ̀n náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé kó tó kú, kó má baà fi ẹrù da ọdẹ láàmú. Bàbá bàbá mi pa ẹkùn méjì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì lọ roko lọ́sàn-án bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Bàbá mi lè dúró sí etí odò kó gbọ́ bí ìgbín ṣe ń jẹ ewé ní òdìkejì. Èmi alára ka ìwé mẹ́wàá, mo sì tún ń ṣọdẹ. Mo ti pa ìmàdò, mo ti pa ejò tó gùn ju òpó ilé lọ. Mo ń ka gbogbo èyí nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọdẹ. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó ràn mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí.

Igbó tó wà lẹ́yìn mi ni Igbó Àdágbé. Ẹ̀yin tí ẹ kéré kò mọ̀ ọ́n bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Odò ló ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe ọ̀hún tó sá sí yìí. Ìrókò wà níbẹ̀, àràbà wà níbẹ̀, apá, àfàrà àti ayùnrẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú lókè débi pé bí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni omi rẹ̀ ń dé ilẹ̀. Oòrùn kò mọ ojú ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹnu igbó náà gan-an ni ìrókò ńlá kan dúró sí, òun ni kùkùté tí mo fi ọwọ́ lé yìí. Ara rẹ̀ ni Arógunmátìdí so ààlè sí: ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo, àjákù ìgbálẹ̀, aṣọ pupa àti irin ọfà kan.

Ẹ mọ ààlè. Bí a bá so ó mọ́ igi obì tàbí ìtì igi ìdáná, a ń sọ fún olè pé kó má fọwọ́ kàn án. Ojú ọ̀nà ni a sì máa ń kọ ọ́ sí, kí ẹni tó ń bọ̀ lè tètè rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn igi ni bàbá bàbá mi so tirẹ̀ sí, ní ìhà tí igbó wà. Ẹni tó bá ń ti ìlú bọ̀ kò lè rí i, àfi bó bá yí igi náà po. Èyí di ẹ̀fẹ̀ nílùú. Wọ́n ní ẹmu ti pa bàbá náà lọ́jọ́ tó so ó. Bí ọmọ bá wọ ẹ̀wù sódì, wọ́n á ní ó so ó sẹ́yìn igi. Bí ìyàwó ilé bá gbé ìkòkò ka iná kó tó rántí omi, wọ́n á ní ó so ó sẹ́yìn igi. Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, àwọn agégẹdú dé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ igi, àwọn yóò sì la ọ̀nà tí mọ́tò yóò máa gbà wọ ìlú wa. Àwọn àgbà gbà. Ta ni kò fẹ́ ọ̀nà? Ìrókò ẹnu igbó ló dí ibi tí katakata wọn yóò gbà wọlé, òun ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n a kì í gé igi tí ààlè wà lára rẹ̀, ẹni tó so ààlè ló sì lè tú u. Arógunmátìdí ti kú, bàbá mi ti kú, ó kan èmi. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ rántí ọjọ́ náà. Mo wọ gbérí ọdẹ, mo ki ara mi títí ọ̀fun mi fi gbẹ, mo yí igi náà po, mo já ààlè bàbá bàbá mi, mo sì jù ú sínú igbó. Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìrókò ti dùbúlẹ̀. Nígbà tó ṣubú, nǹkan dúdú kan tú jáde nínú ihò rẹ̀ bí èéfín, ó bo oòrùn. Àdán ni. Àwọn obìnrin fi báàfù bo orí. A rẹ́rìn-ín sí èyí náà.

Ọ̀gbẹlẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gé ìdajì Àdágbé. Wọ́n kó gẹdú lọ, wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ wá kó ìdajì tó kù. Ibi tí igbó ti kúrò di pápá gbalasa, oòrùn sì wọlé sí i bí àlejò tó ti ń kan ilẹ̀kùn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyàwó mi báyìí. Ìbídùnní ni orúkọ rẹ̀. Àwẹ̀ró ni èmi ń pè é. Iṣẹ́ láfún ló ń ṣe: yóò bó pákí, yóò rẹ ẹ́ sómi, yóò fún un, yóò sì sá a. Orí òkúta ẹ̀bá kànga ni àwọn obìnrin ìlú yìí ti ń sá pákí láti ayébáyé. Òkúta náà kéré, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà lé e lórí. Lọ́jọ́ kan, mo ti inú igbó dé, mo bá Àwẹ̀ró tó ń kùn pé ẹnì kan ti gba àyè òun. Mo ní, "Kí lẹ ń jà sí orí òkúta fún? Oòrùn pápá ọ̀hún pọ̀ ju èyí lọ."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé láti ìgbà wo ni ọdẹ ti mọ oòrùn tó dára fún pákí. Ṣùgbọ́n ó lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Pákí tó máa ń gba ọjọ́ márùn-ún lórí òkúta, ọjọ́ mẹ́ta ló gbà á ní pápá. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ìyàwó mi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo sì fẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́.

Ní ọdún kejì, nínú ọyẹ́, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ara rẹ̀ gbóná. Mo ní ibà lásán ni, mo se àgbo. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré ní kí n gbé e wá. Mo ní ó dọ̀la. Ní ọjọ́ kẹrin kò lè gbé itọ́ mì. Ní ọjọ́ kẹjọ mo rí ẹ̀jẹ̀ ní eyín rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn agégẹdú là ni mọ́tò tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá gbà, orí ọ̀nà yẹn náà ló sì kú sí, orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Kí oṣù méjì tó pé, ènìyàn mẹ́fà mìíràn ti tẹ̀ lé e. Ẹ mọ̀ wọ́n. N kò ní dárúkọ wọn kí n má baà pa àwọn ènìyàn wọn lẹ́kún.

Ọdẹ ni mí. Bí ohun kan bá pa ènìyàn mi, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni kí n tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélógójì tí a sin Àwẹ̀ró, mo gbé ìbọn láàárọ̀, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo dojú kọ ìdajì igbó tó kù, mo sì gba ẹnu igbó àtijọ́, mo ní mò ń lọ pa Ibà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, ọgbọ́n rẹ̀ kì í wà nílé.

Nígbà tí ìrókò wà, gbogbo ọdẹ ìlú yìí ló mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni a ń gbà wọgbó. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa, a kò sì béèrè. Ṣùgbọ́n ìrókò kò sí mọ́. Ìtàkùn àti èèsún ti bo kùkùté rẹ̀ mọ́lẹ̀, n kò mọ ibi tí ọ̀tún parí sí, n kò mọ ibi tí òsì ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, ilẹ̀ gbà á. Mo gbé èkejì, ilẹ̀ la ẹnu, ó gbé mi mì.

Nígbà tí ojú mi là, mo wà nínú kòtò. Ìbọn mi ti bọ́ sókè, orúnkún mi ti wú. Mo wo ara kòtò náà, mo sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó há lókè bí ọrùn ìkòkò, kí ẹran tó bá já sí i má lè rí ibi fẹsẹ̀ tì. Bàbá mi ti sọ fún mi pé Arógunmátìdí nìkan ló mọ ọ̀fìn gbẹ́ báyìí. Ó gbẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ìrókò, ní ìhà ibi tí ààlè kọjú sí, kì í ṣe ní ìhà ìlú. Bóyá ó ti tó ọgọ́rin ọdún tó ti ń dúró de ohun tí yóò mú. Èmi ni ẹran àkọ́kọ́.

Mo pariwo títí di ọ̀sán. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn obìnrin. Ẹ wo bí ìyà ṣe mọ ọgbọ́n dá: kòtò náà kò jìnnà sí pápá. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Ràfíù, tí ohùn rẹ̀ kì í sìnmi. Mo sì gbọ́ ohùn Ọdẹ́bùnmi, ọmọ mi kan ṣoṣo, tó gba iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ṣe. Wọ́n wá sá pákí. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dà á sílẹ̀, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ tẹ́ ẹ. Mo fi gbogbo agbára mi pè é lórúkọ.

Gbogbo wọn dákẹ́. Ìyá Ràfíù wá rọra béèrè bóyá ọmọ mi náà gbọ́.

Ọdẹ́bùnmi ní, "Ẹ má dáhùn, Màmá. Bàámi ló kọ́ mi. Wọ́n ní bí igbó bá fi ohùn àwọn pè mí, kí n ṣe bí adití."

Òótọ́ ni, mo kọ́ ọ. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà, mo gbé e lé orúnkún, mo ní iwin igbó a máa jí ohùn ènìyàn lò, ẹni tó bá sì jẹ́ ìpè rẹ̀ kò ní padà wálé. Ọmọ tó gbọ́ràn ni mo bí. Mo pè é nígbà mẹ́sàn-án, nígbà mẹ́sàn-án ni kò dáhùn. Wọ́n sá pákí wọn, wọ́n fẹsẹ̀ kọ́ lọ. Kò sì sí ẹni tí yóò wá mi nílé, nítorí ọdẹ lè lo ọ̀sẹ̀ kan nígbó kí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Mo jókòó. Omi ń sun lára kòtò, òun ni mò ń lá. Ojú ọ̀run tí mo ń rí kò ju àwo ọbẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ó dúró sórí kòtò ṣánṣán, ó sì tan gbogbo ara rẹ̀ lé mi lórí. Ìgbà náà ni mo rí i pé mo ti ní àlejò. Wọ́n yí ẹnu kòtò ká, wọ́n ń wò mí bí ọmọdé ṣe ń wo ẹja nínú agbada. Mo rí Ìyá Asoríkodò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ di afẹ́fẹ́ mú lókè tí orí rẹ̀ sì rọ̀ sísàlẹ̀, tí apá rẹ̀ jẹ́ awọ, tí ó so ogójì ọmọ mọ́ àyà. Mo rí Alábẹ́rẹ́, tí ẹnu rẹ̀ gùn ju ọ̀kọ̀ ọdẹ lọ, tí ó ń kọrin sí ara rẹ̀ létí. Mo rí Bàbá Ikọ́, ọ̀bọ arúgbó tí ó fi ìrù ara rẹ̀ di ọ̀fun kí ikọ́ má baà já a. Mo rí èyí tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ egbò tí egbò náà sì ń fọhùn, mo rí èyí tí ojú rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó fi ń fi orí rìn, mo sì rí ọ̀kan gíga tí ó ń họra títí ewé fi ń wọ́ lára igi tí ó fẹ̀yìn tì. Láàárín wọn ni ẹgbàágbèje eku wà, wọ́n dúró bí ọmọ ogun, ọ̀kan nínú wọn sì wọ gàárì. Ẹni tó jókòó lórí gàárì náà kò ju ọmọ titun lọ. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kò ní ẹsẹ̀.

Mo bi í pé ta ni í ṣe. Ó ní òun ni Amúnigbọ̀n, òun sì kí ọmọ ọmọ Arógunmátìdí kú ìjókòó.

Ọ̀rọ̀ ọdẹ dé sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ìwọ tí o kò ní ẹsẹ̀, tí o kò ní ilé, tí eku ń gbé kiri bí ẹrù aláàárù, ìwọ lo ń kí mi? Jẹ́ kí n jáde. Màá fi ọ́ ṣe ohun tí mo ń fi ẹran ṣe."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Bàbá Ikọ́ sì wúkọ́.

Amúnigbọ̀n ní, "Lóòótọ́, n kò lẹ́sẹ̀. N kò lè rìn dé ibì kankan bí ẹnì kan kò bá gbé mi. Bàbá bàbá rẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá bá wa ní ẹnu igbó, ó ní kí á má jáde, àwọn náà kò ní wọlé. Ó so ààlè fún wa síbi tí a ti lè rí i. A kò ré e kọjá. Ẹni tó bá tú ààlè, kí ló ń sọ fún ẹni tí a fi ń dá dúró?"



Ó ní, "Ó ń ní kó máa bọ̀."

Ẹ gbọ́, gbogbo ẹ̀fẹ̀ tí mo ti fi bàbá bàbá mi ṣe padà wá bá mi nínú kòtò náà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹmu kò pa á. Àwa ni a kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ìyá Asoríkodò ní inú ìrókò ni òun ti bí ìyá ìyá àwọn ọmọ òun, ìgbà tí a gé e, òun kó wọn lọ sí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ wa, ìgbẹ́ wọn sì ń bọ́ sínú omi tí àwọn ọmọ wa ń mu. Ó ní ṣé òun ni òun pe ara òun síbẹ̀ ni? Alábẹ́rẹ́ dá orin dúró, ó ní kí n bá òun kí àwọn oní-katakata, nítorí ibi tí ẹsẹ̀ katakata wọn ti tẹ ilẹ̀ ti di adágún omi, òun kò sì rí àyè ìyẹ́yin tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní, "N kò bá ẹ̀yin jà. Ìwọ Amúnigbọ̀n ni mo wá bá. Kí ni Àwẹ̀ró ṣe fún ọ?"

Ó ní òun kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní òun kò lọ sílé ẹnikẹ́ni. Ó fọwọ́ pa eku tó ń gùn lórí, ó ní, "Ẹṣin mi yìí ní ihò, ẹ fi katakata dí i. Ó ní èso igi tó ń jẹ, ẹ gé igi náà. Òwìwí tó ń dín in kù ti kó lọ, ẹ̀yin ọdẹ ti pa erè àti ẹtà jẹ. Ó bí sí i, ebi sì ń pa á. Ó jáde, ó bá oúnjẹ tí a tẹ́ sílẹ̀ fún un bí ẹní. Ó jẹ, ó tọ̀ sí i, ó lọ. Obìnrin kan kó o sílé." Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí mo fi rí ara mi nínú ojú rẹ̀. "Ta ló fi oòrùn ibẹ̀ hàn án?"

Mo mọ ẹni náà. Láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti kú ni mo ti ń yí ọ̀rọ̀ náà po bí ẹni yí ìrókò po, n kò jẹ́ kí ojú mi kàn án.

Amúnigbọ̀n ní, "Pákí mìíràn ti wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún láti àná. Àwọn ẹṣin mi ti gba orí rẹ̀ kọjá. Lọ́la ni yóò gbẹ, lọ́la ni ọmọ rẹ yóò kó o." Ó ní òun kò bínú sí i. Òun kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ibi tí wọ́n bá gbé òun dé ni òun ń dé.

Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi Ọdẹ́rìnlọ kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó wú, mo bẹ ohun tí kò ní ẹsẹ̀. Ó ní òun kò lè ṣe nǹkan kan sí pákí tó ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá lè la ẹnu mi kí n sọ ẹni tó tú ààlè àti ẹni tó fi oòrùn han ìyàwó mi, kí n sọ ọ́ sókè kí ènìyàn gbọ́, kí n sì máa tún un sọ lọ́dọọdún, òun yóò gbà pé Arógunmátìdí ṣì ní ọmọ, àwọn yóò sì dúró nínú ìdajì tó kù níwọ̀n ìgbà tí a bá fi í sílẹ̀ fún àwọn.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n o kò ní sọ ọ́. Ọdẹ kì í sọ ti ẹran tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

Wọ́n yí padà, oòrùn kúrò lórí kòtò, n kò rí wọn mọ́. Ìyá Asoríkodò nìkan ló dúró díẹ̀. Ó ní òun wà lórí igi lọ́jọ́ tí bàbá bàbá mi gbẹ́ kòtò náà, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tí í gbẹ́ kòtò tí kò ní lè jáde níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní kí n fọwọ́ gbá ìhà ibi tí oòrùn ti ń yọ.

Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara kòtò. Erùpẹ̀ ọgọ́rin ọdún wó, mo sì rí ojú ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà èkejì, gbogbo rẹ̀ mẹ́fà, ọwọ́ Arógunmátìdí ló gbẹ́ wọn. Ilẹ̀ mọ́ kí n tó họ wọ́n tán. Mo gun ún pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tó dára. Ní òkè, níbi tí kòtò ti há, ihò tí gbòǹgbò ńlá kan ti jáde wà níbẹ̀. Ohun tí bàbá bàbá mi pinnu láti máa dì mú jáde nìyẹn, gbòǹgbò ìrókò náà. Ó ti jẹrà. Mo fọwọ́ kàn án, ó fọ́ bí àkàrà, mo sì padà ṣubú sísàlẹ̀.

Mo tún gùn ún. Mo dé ojú ẹsẹ̀ kẹfà, mo fi èékánná di ara ilẹ̀ mú, imú mi wà ní ẹnu kòtò, n kò lè lọ sókè, n kò sì lè sọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí àwọn obìnrin dé. Mo gbọ́ tí pákí gbígbẹ ń ró bí wọ́n ṣe ń kó o sínú báàfù.

N kò pè é lórúkọ mọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá pè é, yóò sá. Mo wá rántí pé iwin kì í ba ara rẹ̀ jẹ́. Ọ̀gá ni iwin máa ń pe ara rẹ̀, bí ọdẹ. Mo la ẹnu mi.

Mo ní, "Èmi Ọdẹ́rìnlọ ni mo tú ààlè. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi. Mo fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi ni mo ní kí Àwẹ̀ró kúrò lórí òkúta, kó lọ sá pákí ní pápá. Èmi ni mo fi oòrùn hàn án. Ara rẹ̀ gbóná, wọ́n ní kí n gbé e wá, mo ní ó dọ̀la. Èmi ni."

Ìró pákí dúró.

Ìyá Ràfíù ní, "Irú iwin wo ló ń sọ báyìí?"

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ mi nínú èèsún, ó ń bọ̀, kò rọra. Ojú rẹ̀ yọ lókè orí mi. Ó wò mí títí.

Ó ní, "Bàámi."

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Màámi sọ fún mi lórí ẹní àìsàn. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo mọ̀. Wọ́n ní ó máa pa yín."

Ẹni tí mò ń fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ti ń fi í pamọ́ fún mi. Ìyá Ràfíù ló yọ wá. Ó ti tú ìró rẹ̀, ó so ó mọ́ ti Ọdẹ́bùnmi àti ti obìnrin kẹta, ó jù ú sí mi, ó ní kí bàbá tó pa ejò tó gùn ju òpó ilé lọ fi ẹkún sílẹ̀ kó di aṣọ mú, nítorí àwọn kò lè máa dúró sínú oòrùn pẹ̀lú yẹ̀rì nídìí. Báyìí ni èmi, ọmọ a-rìn-nínú-ẹ̀gún, ṣe jáde nínú Igbó Àdágbé: obìnrin mẹ́ta fi ìró fà mí sókè bí garawa kànga.

Mo ní kí wọ́n da pákí náà nù. Wọ́n kọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni, Ìyá Ràfíù sì ní ebi náà a máa pànìyàn. Mo tẹ̀ba síwájú báàfù, mo tú u, mo fi imí eku hàn wọ́n, ó wà níbẹ̀ bí ìrẹsì dúdú. Ọdẹ́bùnmi wò ó, ó wo ojú mi, ó gbé báàfù tirẹ̀ dìde, ó sì lọ dà á sínú kòtò tí mo ti jáde. Àwọn méjì yòókù tẹ̀ lé e. A fi erùpẹ̀ dí i, a sì fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ wa títí dé ìgúnpá.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì, mo sọ gbogbo ohun tí mo gbọ́ nínú kòtò fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní Amúnigbọ̀n kò sí nínú ìwé tí òun kà, ṣùgbọ́n gbogbo ìyókù wà níbẹ̀.

Nígbà tí àwọn agégẹdú padà dé, wọ́n bá mi lórí kùkùté yìí, èmi àti àwọn ènìyàn ilé méje tó sin òkú lọ́dún náà, àwọn obìnrin sì pọ̀ lẹ́yìn wa. Mo ti so ààlè titun mọ́ òpó tí mo rì síbí, ojú méjì ni mo so ó sí. Ọ̀gá wọn yí òpó náà po, ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè pé èwo ni ti olè nínú méjèèjì. Mo ní èyí tó kọjú sí igbó, àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mo ní èyí tó kọjú sí ọ̀nà, tirẹ̀ ni. Ó wo èmi, ó wo àwọn obìnrin. Wọ́n yí katakata wọn padà.

Ẹ̀yin ará mi, ìṣẹ́gun ọdẹ nìyẹn. N kò pa ohunkóhun. Ibà náà kò tán, ẹ má tan ara yín. Láti ìgbà náà ó ti mú ènìyàn méjì, àwọn méjèèjì kò sọ pé ó dọ̀la, wọ́n sì jókòó sáàárín yín. Ẹ máa sá pákí lórí pẹpẹ gíga lágbàlá, kí ẹ máa kó o wọlé kí oòrùn tó lọ. Ẹ máa dé oúnjẹ yín. Ẹ fi òwìwí sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí ara bá gbóná, ẹ gbéra lọ́jọ́ náà. Igi tí a gbìn sí pápá ti ga tó èjìká mi, ẹni tó bá fi ewúrẹ́ jẹ ẹ́, èmi àti onítọ̀hún ni. Bí ẹ bá sì rí ohun tí bàbá yín so sẹ́yìn igi, kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ yí igi náà po, kí ẹ wo ìhà ibi tó kọjú sí.

Ó tán lẹ́nu mi. Àwẹ̀ró, mo ti sọ ti ọdún yìí.